Àpótí Ìmọ̀: Ojú ni abẹ kàn, gbogbo ara ló ń dáhùn

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ kataráàtì fún èèyàn, ojú lè pọ́n díẹ̀. Ara ló ń gbèjà ara rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló ń pẹ̀tù sí i.

Ti alátọ̀gbẹ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ máa ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín jẹ́. Bí abẹ bá wá kan irú ojú bẹ́ẹ̀, omi lè máa jò sẹ́yìn ojú, síbi tí a fi ń kàwé gan-an. Ẹni tó ríran kedere lọ́sẹ̀ kìíní lè wá máa rí bàìbàì ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń yẹ ṣúgà wò kó tó mú abẹ. Kì í ṣe ọgbọ́n àtigbowó o!