Ṣé kí n dúró de bátìrì sodium?

Ìbéèrè: Omi tútù ni mò ń tà ní ìlú Massè, mo sì fẹ́ ra bátìrì sólà. Ọmọ mi ní ti sodium ń bọ̀, pé kò ní wọ́n. Ṣé kí n dúró?

Ìdáhùn: Ẹ má dúró, ìyá wa. Òótọ́ ni pé inú iyọ̀ ọbẹ̀ wa ni sodium wà, kò ṣọ̀wọ́n bíi lithium. Ilé iṣẹ́ CATL ti Ṣáínà fi bátìrì sodium tirẹ̀ han ayé ní 2021. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 2022 ni owó lithium já wálẹ̀, Natron ti Amẹ́ríkà tó ń ṣe ti sodium sì kógbá sílé ní 2025. Pé bátìrì sodium wúwo kò dùn mí, ilé kì í rìn. Inú òtútù líle ló ti ń lékè, Massè kò sì mọ irú òtútù yẹn. Ẹ ra bátìrì lithium tí wọ́n ń pè ní LiFePO4 lọ́wọ́ ẹni tó máa fún yín ní ìwé gàráǹtì.