Bí A Ti Ń Ṣe Nílé Wa, Èèwọ̀ Ibòmíràn Ni

Òwe tí ó ṣe àkọlé yìí ni ó yẹ kí ẹni tí a bá fi ṣe olórí láàárín àwọn tí èdè, ẹ̀sìn tàbí ìṣe wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀ kọ́kọ́ rò dáadáa, nítorí pé ohun tí a kà sí ìwà ọmọlúàbí níbì kan lè di àfojúdi níbòmíràn. Ọmọ Yorùbá a máa rẹ ojú sílẹ̀ níwájú àgbà láti bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ òyìnbó, ẹni tí kò wojú ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ohun tí ó ń fi pamọ́.

Ẹ̀kọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìgbésí ayé Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí a dá nídè ní 1822, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Etí Odò Ọya, láàárín àwọn Ìgbò, Tápà àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, ni ó ti ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ ìwàásù rẹ̀. Nígbà tí ó dé Onitsha ní 1857, ó tọ ọba ìlú náà lọ, ó sì tọrọ àyè; ẹni tí ó sì fi síbẹ̀ ni John Christopher Taylor, tí a bí ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ṣùgbọ́n tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò. Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bákan náà ni ó yẹ kí agùnbánirọ̀, ìyẹn ọ̀dọ́ tí ó kàwé jáde tí a rán lọ sin orílẹ̀-èdè fún ọdún kan lábẹ́ ètò tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1973, kọ́kọ́ wá ẹni tí ó mọ ìlú tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, kí ó sì jẹ́ kí ẹni náà lè bá a wí ní ìkọ̀kọ̀ láìbẹ̀rù.

Crowther kò fi ọ̀rọ̀ èdè ṣeré. Ó ṣe ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ìkàwé fún èdè Ìgbò ní 1857, ó sì ṣe ìwé gírámà èdè Tápà ní 1864. Nígbà tí ó bá sì wà níwájú àwọn ọba Mùsùlùmí, kì í bá wọn jiyàn. Ohun tí ìwé mímọ́ ẹ̀sìn méjèèjì jọ sọ nípa áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì àti ìbí Jésù ni ó máa ń mú bọnu. Ọgbọ́n ńlá nìyí fún olórí èyíkéyìí: kí ó wá ohun tí a jọ gbà kí ó tó kan ohun tí a kò gbà.

Síbẹ̀, àléébù wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Sàró ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti wá, púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè ibi tí a rán wọn lọ, ògbufọ̀, ìyẹn ẹni tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín ẹni méjì, ni wọ́n sì gbára lé. Èkó ni bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ń gbé, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó sì sábà máa ń gbé e lọ nígbà tí odò bá kún. Olórí tí ó wà lókèèrè, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni ó ti ń gbọ́ ìròyìn, kò lè tètè mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ó sàn kí ibùdó iṣẹ́ kéré, kí àbójútó sì wà.

Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí Crowther ń bá ṣiṣẹ́ rán wá sí Odò Ọya ní nǹkan bí 1890 tilẹ̀ ṣe èyí tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ́, tí wọ́n lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kúrò, tí bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti darúgbó sì fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tí ń rí sí owó. Ó kú ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí àwọn ìjọ agbègbè Bonny, tí ọmọ rẹ̀ Dandeson ń darí, fi gba àkóso ara wọn lọ́wọ́ àwọn tí ó rán àwọn òyìnbó náà wá.