Ẹ Dá Ẹ̀wà Padà Sínú Igbá

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní bàọ́lọ́jì, igbá méjì àti ẹ̀wà ni mo máa ń gbé wọ kíláàsì. Igbá kan ti bàbá, èkejì ti ìyá. Ẹ̀wà méjì péré ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: funfun kan, pupa kan. Màá ní kí ọmọ kan dijú, kó mú ẹyọ kan nínú igbá bàbá, kó mú ẹyọ kan nínú ti ìyá, kó kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ tí a bí nìyẹn. Funfun méjì ni AA. Funfun kan, pupa kan ni AS, bíi bàbá àti ìyá rẹ̀. Pupa méjì ni SS, tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Ohun tí ẹ̀wà yẹn dúró fún, ojú lásán kò lè rí i. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara wa, kúrómósóòmù 46 ló wà, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìdajì ni òbí kọ̀ọ̀kan ń dá. Orí kúrómósóòmù kọkànlá ni jíìnì kan wà tó ń pàṣẹ bí ara yóò ṣe ṣe hẹmoglóbìn, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà níbẹ̀ tó sọ A di S. Ẹ má fojú kéré lẹ́tà kan o! Ẹni tó fẹ́ kọ ọkọ́ tó ṣi àmì kan, ọkọ̀ ló kọ yẹn, a kì í sì í fi ọkọ̀ roko. Lára ẹni tó jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí róbótó á wá tẹ̀ bíi dòjé nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù, á há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró, ìrora á wọ egungun. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ẹlòmíràn ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti SS kì í sábà lò ju 20 lọ. Ibẹ̀ ni àìtó ẹ̀jẹ̀ ti ń wá.

Ọdún 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ nípa àìsàn yìí sínú ìwé ìṣègùn, àmọ́ àwọn ìyá wa ti ń sunkún rẹ̀ tipẹ́. Ó dá mi lójú pé ó wà lára ohun tí wọ́n pè ní àbíkú.

Kí ló wá dé tí ẹ̀wà pupa fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS? Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ni. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í rí ọmọ AS gbé ṣe bó ṣe ń rí ọmọ AA gbé ṣe. AS kì í ṣe àìsàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi bú yín.

Ẹ jẹ́ n padà sí igbá mi. Ọmọ kan mú ẹ̀wà tirẹ̀ tán, ó gbàgbé láti dá a padà, ó kó o lọ jókòó. Ẹni tó tẹ̀lé e na ọwọ́ sínú igbá, ó ní, “Sà, funfun ti tán!” Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí àṣìṣe tí àwọn àgbàlagbà ń ṣe gan-an nìyẹn. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS á ní, “Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni dókítà wí pé ó lè jẹ́ SS. A ti bí SS kan, àwọn yòókù á dára.” Rárá o. Oyún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wà ti padà sínú igbá. Mo mọ tọkọtaya kan, AS ni àwọn méjèèjì, tí ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ lọ́wọ́ SS. Mo mọ òmíràn tó bí mẹ́ta, tí méjì jẹ́ SS.

Nítorí náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù nísinsìnyí tí ọkàn yín kò tíì fà sí ẹnì kankan, kì í ṣe ìgbà tí aṣọ ẹbí ti dé ọwọ́ télọ̀. O positive tí ẹ ń dárúkọ kọ́ o; oríṣi ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì wo S nìkan: C náà wà nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bá jogún S àti C ń ṣàìsàn pẹ̀lú. Ẹ ṣe é níbi méjì. Wọ́n kọ AA fún ọmọ àbúrò mi kan ní yàrá àyẹ̀wò. Àkọ́bí rẹ̀ ló tú àṣírí pé AS ni. Bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, ẹ sọ fún wọn, kí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn má baà jẹ́ ìpè dípò tiyín.

Ẹ̀yin tí ìfẹ́ ti wọ̀ yín lára, tí ẹ sì jẹ́ AS méjèèjì, mi ò ní lé yín. Ẹ wá sílé. Igbá méjèèjì ṣì wà lórí àjà. Ẹ ó mú ẹ̀wà nígbà ogún, ẹ ó máa dá a padà, ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó jókòó sọ̀rọ̀.