Dúró Ládípọ̀: Orin Tó Ti Inú Ohùn Ọ̀rọ̀ Jáde

Bí wọ́n bá dárúkọ Dúró Ládípọ̀ ní ẹ̀ka wa, tíátà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn onílítíréṣọ̀ ló ni ín, àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè kì í sábà yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn díẹ̀. Olórin ni ọkùnrin yìí kó tó di òṣèré tí ayé mọ̀, iṣẹ́ tó sì fi orin ṣe kò yé ènìyàn dáadáa bí kò bá mọ ohun tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ṣe nínú èdè wa.

Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ní ọdún 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì kó ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ bínú, torí lójú tiwọn ìlù òrìṣà nìyẹn. Ó kó orin rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1962, òun àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń ta ọtí tẹ́lẹ̀. Láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé ọtí! Mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ló pàdánù.

Ẹ rántí irú orin tí wọ́n ń kọ nínú ìjọ nígbà náà. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò yí ohùn orin padà. Ẹ mú ‘ọkọ’ tí obìnrin ń fẹ́. Bí orin bá gbé e gòkè ní ìparí, ó ti di ọkọ́ tí a fi ń ro oko; bí ó bá fà á wálẹ̀, ó di ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tó kọ lórí orin Yorùbá ní 1953, òun náà sì jẹ́ olórin ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí Ládípọ̀ ṣe yàtọ̀. Kò jókòó tún orin Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Oríkì, ọfọ̀ àti ìlù ló lọ bá, níbi tí ọ̀rọ̀ àti ohùn kò ti jà rí.

Iṣẹ́ tó mú un dé òkè òkun ni Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní 1963. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ṣe Ọya. Ní 1964 wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní Jámánì, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sì jókòó wò ó.

Kí a fi wé ballet ilẹ̀ Yúróòpù. Ní St Petersburg, ní nǹkan bí 1890, Marius Petipa tó ń ṣètò ijó a máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Tchaikovsky pé ibí yìí kí orin yá, ibẹ̀ yẹn kí ó rọ̀, kí ó gùn tó báyìí. Tchaikovsky á kọ orin, Riccardo Drigo, tí òun náà ń kọ orin ballet, á darí ẹgbẹ́ onífèrè níwájú ìtàgé, àwọn oníjó á sì jó. Orin kò bá oníjó sọ̀rọ̀. Ó kàn ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Nínú Ọba Kò So, onílù ń pe Ṣàngó ní orúkọ, ó ń kì í, ejìká oníjó sì ń dáhùn. Bí a bá yọ ìlù kúrò, kì í ṣe orin nìkan ló lọ, ọ̀rọ̀ ti lọ.

Bàtá ni ìlù yìí, torí bàtá ni ti Ṣàngó, bí ìgbìn ti jẹ́ ti àwọn òrìṣà funfun bíi Ògìyán wa ní Èjìgbò. Dùndún rọrùn fún wa láti yẹ̀ wò: onílù ń fún ọṣán, ohùn ń lọ sókè sódò bí ti ẹnu. Bàtá kò ní ọṣán tí à ń fún bẹ́ẹ̀. Ojú méjì ló ní, ojú òjò tó tóbi, tí wọ́n fi ìda sí, àti ṣáṣá kékeré tí wọ́n ń fi bílálà nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní akólòlò. Àwọn onílù tún ní ẹnà bàtá, èdè ẹnu tí wọ́n fi ń pe ohun tí ọwọ́ wọn ń lù.

Èjìgbò ni ilé mi, kò sì jìnnà sí Ẹdẹ tí Ṣàngó rán Tìmì lọ nínú eré náà. Mo ti ń lọ bá àwọn bàbá onílù ní ìlú wa àti ní Máṣífà fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Èyí tó gba bàtá lọ́wọ́ wọn kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé wọn wà ní Abidjan, wọ́n ń sọ Faransé. Bí wọ́n bá wálé fún ọdún Ògìyán, wọ́n á jó, ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ìlù wí. Èmi náà á yíjú sí bàbá.

Ládípọ̀ kú ní 1978. Ní 1972 ni wọ́n tẹ Ọba Kò So jáde ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀, láti inú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí téèpù. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń lò ó. Àmọ́ téèpù kò rí ọwọ́. Mo gbé bàtá tí mo gbà sílẹ̀ sínú Praat, ìlà ohùn tó máa ń hàn kedere bí dùndún bá ń sọ̀rọ̀ kò hàn. Nígbà tí mo fi fídíò han àwọn bàbá méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbólóhùn kan náà ni wọ́n kà jáde. Nígbà tí mo pa àwòrán tí mo fi ohùn nìkan sílẹ̀, èyí ẹ̀gbọ́n nìkan ló rí i kà. Nítorí náà ọwọ́ ni mo ń yà báyìí, kámẹ́rà kan fún ojú òjò, ọ̀kan fún ṣáṣá. Ẹ̀yin tí ẹ ní onílù bàtá nínú ẹbí, pàápàá ní agbègbè Ìlawọ́ àti Ọlá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mú mi lọ kí wọn kí òjò tó dé.