Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Ta Ló Máa Kó Ìgbẹ́ Ajá?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, etí mi ti gbọ́. Wọ́n ní ẹ ń dáwó láti ṣe ọgbà kan tí ajá gbogbo àdúgbò yín á ti máa sáré láìsí okùn lọ́rùn. Ẹ kò tíì rí ilẹ̀, ẹ kò tíì bá káńsù sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti tẹ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ jókòó ná, kí èmi àǹtí yín àgbà bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ajá. Nínú agbo ilé tí wọ́n bí mi sí, ajá ló ń bá ìyá ọmọ tọ́jú ìdí ọmọ tó bá ti yàgbẹ́. Ẹ má yínmú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwọn bàbá yín. Ọ̀pọ̀ ọdẹ kì í wọ igbó láìmú ajá dání. Ẹni tó bá sì ní ọ̀tá nítòsí á sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, á máa ké e pè láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí lè gbọ́. Ti ọbẹ̀ ajá tí wọ́n ń sè ní Òǹdó, mi ò ní dá a sílẹ̀ níbí, kí àwọn àna mi má bàa bínú. Ajá ìgbà yẹn kò nílò ọgbà kankan; gbogbo ìlú ni ọgbà rẹ̀. Ẹ̀yin wá ń gbé inú fúláàtì òkè kẹta, ẹ ra ajá tó ga bí ọmọ màlúù, nígbà tí yìnyín bá sì bọ́, ìyá tí ẹ ní kó wá bá yín tọ́jú ọmọ tuntun ni ẹ ń fa okùn ajá lé lọ́wọ́. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá yìí. Nígbà tó padà délé, kò sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ tó lọ gbé. Ọ̀rọ̀ ajá ló ń sọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jẹ́ n padà síbi tí mo ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbà ajá yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí yín. Ní Berkeley, ní California, lọ́dún 1979, wọ́n ṣí ọgbà ajá kan sínú Ohlone Park, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ yẹn gan-an ní ìtàn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin BART fẹ́ gba ìlú wọn kọjá, ará ìlú dìbò lọ́dún 1966 pé àwọn á san owó orí kún un kí wọ́n lè rì í sábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n wó àwọn ilé tó wà lójú ọ̀nà, ilẹ̀ wá ṣófo. Lọ́dún 1969 àwọn èèyàn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan síbẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Igun kan nínú ilẹ̀ yìí ló padà di ti ajá, orí ìdánwò ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e lé. Àwọn alájá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tó ń bójú tó o. Ẹni tó bá ní ẹ kọ́kọ́ dán mi wò kì í bí ìjọba nínú. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti ń ya àwòrán odò tí ajá á ti máa lúwẹ̀ẹ́.

Àwọn ará New York tún gbọ́n tiwọn. Níbi tí kò sí owó ọgbà, àsìkò ni wọ́n tọrọ. Nínú ọ̀pọ̀ páàkì níbẹ̀, wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ tí ajá ti lè rìn láìsí okùn, látìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn títí di agogo 9 àárọ̀, àti láti agogo 9 alẹ́ títí wọ́n á fi tì í. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é kó tó wọ ìwé òfin lọ́dún 2007. Kò ná ẹnikẹ́ni ní owó wáyà ọgbà. Ẹ lọ bèèrè èyí ná, kí ẹ tó máa gbé igbá kiri. Ní Tompkins Square Park, tí ọgbà ajá ti wà láti 1990, ayẹyẹ ni wọ́n fi ń pe èrò: lóṣù kẹwàá, wọ́n á wọ ajá láṣọ oríṣiríṣi, gbogbo ayé á wá wòran. Bí ajá tiyín bá wé gèlè, mi ò sí níbẹ̀ o.

Bó bá wá di dandan pé ọgbà lẹ fẹ́, ẹ mọ ohun tí owó ń lọ sí. American Kennel Club, ẹgbẹ́ àwọn alájá ní Amẹ́ríkà, ní kí ilẹ̀ tó éékà 1 ó kéré tán. Ìyẹn jẹ́ bíi pulọ́ọ̀tì 6, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, bí wọ́n ṣe ń tà á l'Ékòó. Kí wáyà ọgbà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6. Kí géètì jẹ́ méjì: ẹ wọ ti àkọ́kọ́, ẹ tì í, ẹ tú okùn, kí ẹ tó ṣí èkejì. Ẹ má fi okùn sílẹ̀ lọ́rùn ajá wọlé, torí ajá tí wọ́n so láàárín àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ kò rọ́nà sá, ìjà ló máa gbé. Ẹ ya ibi ajá kéékèèké sọ́tọ̀. Omi àti ibòòji náà ń bẹ níbẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ro owó rẹ̀ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹsẹ̀ ajá kì í jẹ́ kí koríko gbérí, bí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ dé. Ẹ gbẹ́ ọ̀nà omi kí ẹ tó da èérún igi sílẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin owó orí 501(c)(3), kí ẹni tó bá ta yín lọ́rẹ lè rí i yọ nínú owó tí wọ́n ń bu owó orí lé. Bí ìwé yẹn bá le, ẹ wọ abẹ́ ẹgbẹ́ páàkì kan tó ti ní i.

Ṣé ẹ rí owó àtiṣe ọgbà, kò le. Owó ìtọ́jú ló ń lé èèyàn sá. Mo mọ àdúgbò kan tí wọ́n fi ìlù àti jọ̀lọ́ọ̀fù ṣílé ọgbà wọn. Kí ọdún tó yí, àpò ìkógbẹ́ tán, kò sẹ́ni tó ra òmíràn. Ẹni tó ń gbálẹ̀ kò rówó gbà. Káńsù bá fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Gbogbo àwọn tó ya fọ́tò lọ́jọ́ ìṣílé kò gbé fóònù mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ oṣooṣù nísinsìnyí, kí ẹ sì pín ọjọ́ ìgbálẹ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan kí wáyà tó dé. Ẹni tí kò lè kó ìgbẹ́ ajá tirẹ̀ ní títì, ṣé inú ọgbà ló ti máa wá kó o?

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ìyá àgbà tó ń gbé ní kọ̀rọ̀, tó ń sá fún ajá, ẹ ti lọ kí i? Òun ló máa dìde ní ìpàdé pé gbígbó ajá kò jẹ́ kóun sùn, òun ni wọ́n sì máa gbọ́. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ṣeréṣeré. Àwa tí a mọ ajá dìgbòlugi mọ̀ pé bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára èèyàn, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó là á já. Ẹ fi ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára hàn án. Ẹ gba ìwé àṣẹ ajá pẹ̀lú: ní New York, dọ́là 8.50 ni lọ́dún fún ajá tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, 34 fún èyí tí wọn kò tẹ̀. Mélòó ni ẹ fi ra oúnjẹ ọ̀sán lánàá?

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ bá káńsù, ẹ fi ajá sílẹ̀ nílé. Ìyá àgbà yẹn ni kí ẹ gbé sínú ọkọ̀, iwájú sì ni kí ẹ jẹ́ kó jókòó.