Orí Kẹjọ: Bí Iṣẹ́ Tuntun Bá Wọni Lọ́rùn

Ayọ̀ ni iṣẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kí oṣù kan tó pé, ayọ̀ náà a ti di ìnira.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Láàárọ̀, dírẹ́bà mẹ́ta ti dúró tì í. Ọ̀kan ń sọ Ègùn, ọ̀kan ń sọ Faransé, ẹ̀kẹta ń fi Yorùbá bínú. Ìwé ẹrù kún orí tábìlì, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èyí tó yẹ kó ṣíwájú. Ó pe ọ̀gá, ìpè ò wọlé. Nígbà tó dalẹ́, oorun ò kùn ún. Ó ń rò ó pé, "Àbí èmi ni mi ò mọ nǹkan kan ni?"

Rárá o. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń fà. Wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́, tí a kò rí ojútùú rẹ̀, ló ń dá a sílẹ̀. Okun á tán lára èèyàn, iṣẹ́ á sú u, kò sì ní lè ṣe é dáadáa mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àgbádárìgì

Kì í ṣe òní ni iṣẹ́ tuntun ti ń wọ èèyàn lọ́rùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Samuel Àjàyí Crowther, Henry Townsend àti Charles Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti ṣiṣẹ́ ìhìnrere. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ni wọ́n gbójú lé, ṣùgbọ́n ó kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ogun dí ọ̀nà. Kò pẹ́ tí ìyàwó Gollmer náà fi kú.

Àwọn èèyàn wọ̀nyí mọṣẹ́. Alátìlẹyìn ni wọn ò ní mọ́. Wọn ò lè ṣí ọ̀nà, nítorí náà wọ́n ṣe èyí tí ọwọ́ wọ́n tó: wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ṣì wà ní Marina Àgbádárìgì dòní, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, Crowther sì ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Lẹ́yìn bí ọdún kan àtààbọ̀, ọ̀nà là. Crowther àti Townsend lọ sí Abẹ́òkúta, Gollmer dúró sí Àgbádárìgì.

Ohun tí ẹ̀yin náà lè ṣe

1. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sínú ìwé. Ẹ fàmì sí èyí tó gbọ́dọ̀ parí lónìí.

2. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an fún ọ̀gá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé mẹ́wàá ló wà nílẹ̀, mẹ́fà ni mo lè ṣe lónìí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ta ni kí n bi léèrè bí ẹ ò bá sí nítòsí?" Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

3. Ẹ sún mọ́ ẹnì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà.

4. Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ yẹ kó sinmi fún wákàtí kan, ó kéré tán. Nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ kan jẹ́ ti ìsinmi.

5. Bí àìsùn àti ìbànújẹ́ kò bá lọ, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹni tí a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láìkọ́ ọ, a ò tíì gbà á síṣẹ́ tán. Ẹ jókòó tì í.

Ìbéèrè

1. Kí ló dí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti lọ sí Abẹ́òkúta?
2. Kí ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ń dúró?
3. Ẹ kọ gbólóhùn méjì tí ẹ lè fi béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín.