Ẹyẹ Dúdú Olórí Pupa ti Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, nígbà tí àgbàdo bá gbó, kò sí ẹni tí ó ń fẹ́ rí ẹ̀gà. Ṣùgbọ́n ìbátan ẹ̀gà kan wà tí kì í ṣe olè àgbàdo. Kòkòrò ni ó ń wá kiri lára igi. Ọ̀gbẹ́ni Elgood ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn ni ó sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis ní ọdún 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé, ó sì ti ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Dúdú ni ara rẹ̀. Orí, ọrùn àti àyà akọ pọ́n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni tí ó fi aṣọ bojú. Pupa ti abo kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà: ọ̀kan pọ́n ní orí àti ẹ̀yìn ọrùn, àyà rẹ̀ sì dúdú, òmíràn pọ́n lábẹ́ ìrù, ibi tí tiwa yìí ti dúdú. Nítorí náà, ẹ wo orí, àyà àti abẹ́ ìrù pọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹyẹ, dúdú ni gbogbo wọn yóò jọ lójú yín (ó ti tan èmi náà jẹ rí). Ẹ yí ipò padà.

Etí igbó àti oko kòkó tí igi ńlá ṣì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ ti máa ṣọ́ ọ. Ìtẹ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà gígùn tí ó rọ̀ sísàlẹ̀ bí apá ẹ̀wù. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lórí igi tí ẹ fẹ́ gé, ẹ dá àáké dúró títí àwọn ọmọ yóò fi fò, kí ẹ sì fi ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i tó òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín létí.